Ọwọ́ Tó Ya Captain America, àti Ìwé Ìtàn Ìlú Wa

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ̀ pé òtútù ń mú yín. Àwọn tó wà nílé, mo mọ̀ pé dátà ń jẹ owó. Mi ò ní pẹ́ jù.

Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwé ìtàn ìlú wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀. Ẹ ti rí i lórí wọ́sáàpù pé ẹgbẹ́ fẹ́ tẹ ìtàn ìlú wa jáde ní ìwé tó máa jẹ́ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi kọ́míìkì, kí àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun náà lè rí i kà. Àwọn ọ̀dọ́ wa mẹ́ta ló fẹ́ yà á. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a fún wọn lówó, kí orúkọ wọn sì hàn lára ìwé. Àwọn kan ní ọmọ ìlú ṣáà ni wọ́n, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìlú, kí wọ́n kó gbogbo bébà tí wọ́n bá yà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kí n tó sọ èrò tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ọ̀pọ̀ yín lè má mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wọ ilé gbogbo yín.

Jack Kirby lorúkọ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ta ni Captain America, ta ni Hulk, ta ni Thor, ta ni Black Panther. Wọ́n á dáhùn kẹ́ ẹ tó pa ẹnu dé. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Ibẹ̀ á pa rọ́rọ́.

Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ mi tó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Mark Evanier, tó ti bá Kirby ṣiṣẹ́ rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ló kọ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2008. Ìwé ńlá ni, àwòrán ọwọ́ Kirby fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde lọ́dún 2020, Tom Scioli ló ṣe é. Kọ́míìkì gidi ni tirẹ̀. Ó ya ìgbésí ayé ọkùnrin náà ní àpótí àpótí, bí ẹni pé Kirby fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, láti ìgbà tó wà lọ́mọdé títí tó fi kú. Èyí ti Scioli ni mo fẹ́ràn jù, ohun tí mo sì fẹ́ kí ìwé ìlú wa jọ nìyẹn: kí ẹni tó ń kà á máa gbọ́ ohùn ẹni tí ìtàn ṣẹlẹ̀ sí. Àmọ́ ẹ fi í sọ́kàn pé ẹni tó bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń rò. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a ka ti Evanier mọ́ ọn.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1917 ni wọ́n bí i, ní Lower East Side ní ìlú New York. Jacob Kurtzberg lorúkọ àbísọ rẹ̀. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, Austria ni wọ́n ti wá, iṣẹ́ ilé ìránṣọ sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Àdúgbò náà le. Àwọn ọmọ òpópónà kan á dìde sí ti òpópónà kejì, wọ́n á fi òkò àti ẹ̀ṣẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, Jack sì wà nínú wọn. Ẹ ó rí i nínú gbogbo ohun tó yà lẹ́yìn náà: ẹ̀ṣẹ́ Kirby kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ẹni tó kà nípa ìjà nínú ìwé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Pratt Institute, àmọ́ kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn àti sinimá ni olùkọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, òun rí ìwé onítàn kan tó ń léfòó lọ nínú gọ́tà, àwòrán ọkọ̀ tó ń lọ sójú ọ̀run wà níwájú rẹ̀, òun he é, òun sì fi í pamọ́ káwọn ẹgbẹ́ òun má bàa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó bá Joe Simon pàdé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940 ni ìwé Captain America àkọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹta ọdún 1941 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wo ohun tó wà níwájú ìwé náà: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àsíá Amẹ́ríkà fi ẹ̀ṣẹ́ dé Hitler ní àgbọ̀n. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà yẹn o! Ó ku bí ọdún kan gbáko. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ní kò kan àwọn. Àwọn ọmọ Júù méjì wá jókòó, wọ́n ya ohun tí àwọn olóṣèlú kò tíì lè sọ. Ìwé náà tà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Àwọn tó ń ti Hitler lẹ́yìn ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn máa pa wọ́n. Simon sọ pé alága ìlú New York fúnra rẹ̀, Fiorello La Guardia, pè wọ́n láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n tún ní ẹnì kan pè lọ́jọ́ kan pé àwọn ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ ilé, Kirby ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Àdéhùn wà pé ìdá kan nínú èrè Captain America máa jẹ́ ti Simon àti Kirby. Ìwé ń tà bí àkàrà, èrè kò dé. Simon ní akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ náà ló ta òun lólobó pé gbogbo ìnáwó àwọn ìwé yòókù ni wọ́n ń kà sí Captain America lọ́rùn, kí èrè rẹ̀ lè dàbí pé kò sí. Àwọn méjèèjì wá iṣẹ́ síbòmíràn ní bòókẹ́lẹ́, olówó wọn gbọ́, ó lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá péré! Captain America dúró sọ́dọ̀ olówó.

Kirby fẹ́ Roz lọ́dún 1942, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ ológun lọ́dún 1943. Ní Faransé, ọ̀gá rẹ̀ kan gbọ́ pé òun ló ń ya Captain America. Ẹ máa rò pé wọ́n á fi í sí ọ́fíìsì kó máa ya àwòrán fún àwọn ọ̀gá. Rárá o. Wọ́n ní kó máa yọ́ lọ ṣíwájú àwọn ọmọ ogun, kó wọ ìlú tí àwọn Jámánì wà, kó ya ibi tí wọ́n gbé ìbọn sí, kó sì padà wá bó bá lè padà. Òtútù ìgbà yẹn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí àwọn dókítà gé e.

Lẹ́yìn ogun, òun àti Simon dá ìwé ìfẹ́ Young Romance sílẹ̀ lọ́dún 1947, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú kọ́míìkì Amẹ́ríkà, ó sì tà gan-an. Àwọn ọdún 1950 kò dára fún iṣẹ́ náà. Àwọn aṣòfin ní kọ́míìkì ń ba ọmọ jẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì kógbá wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fo ìyẹn.

Ọdún 1961 ni mo fẹ́ dúró sí. Kirby ti padà sí ilé-iṣẹ́ tó lé e níjọ́sí, èyí tí a wá ń pè ní Marvel. Stan Lee, ọ̀dọ́mọdé tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn nígbà Captain America, ti di olóòtú níbẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ péré: Fantastic Four ní 1961, Hulk àti Thor ní 1962, X-Men àti Avengers ní 1963. Àjà ilẹ̀ kótópó kan nínú ilé rẹ̀ ni Kirby ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí lóru, tí gbogbo ayé bá sùn. Owó ojú ewé ni wọ́n ń san fún un: bó o bá ya ewé kan, gba owó ewé kan. Bí ìwé bá tà, bí kò bá tà, owó ewé kan náà ni. Ọmọ mẹ́rin ló sì ní tó fẹ́ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹnì kan á kọ́kọ́ kọ ìtàn sílẹ̀ tán, àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan bébà. Ní Marvel, kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn Lee pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kọ lọ. Òun àti Kirby á jọ sọ ọ́ ní ṣókí, bóyá lórí tẹlifóònù. Kirby á wá jókòó, á ya gbogbo rẹ̀: ta ló wọlé, ta ló jáde, ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe parí. Á kọ àlàyé ráńpẹ́ sétí bébà. Lẹ́yìn náà ni Lee á wá fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu wọn. Bí ìwé bá jáde, ohun tí wọ́n á kọ ni pé Stan Lee ló kọ ọ́, Jack Kirby ló yà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré alárìnjó, tí ọ̀gá kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, tó kàn sọ fún òṣèré pé, "Ìwọ ni ìyàwó, ọkọ rẹ ti rìnrìn àjò, ó yá," tí òṣèré sì gorí ìtàgé tó ṣe é títí tí àwọn èèyàn fi ń sunkún. Ta ló ni eré yẹn? Ẹ má tètè dáhùn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí Lee fúnra rẹ̀ kò jiyàn rẹ̀. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn òmìrán kan tó máa ń jẹ odidi ayé. Nígbà tí àwòrán dé, Lee rí ọkùnrin aláwọ̀ fàdákà kan tó dúró lórí pátákó, tó ń fi í fò kiri ojú ọ̀run. Kò sí nínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Kirby ló ronú pé irú òmìrán bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní alóre tó ń ṣíwájú rẹ̀. Silver Surfer nìyẹn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ Stan Lee di olè o. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń ta ọjà, òun ló sì sọ àwọn tó ń ka ìwé náà di ọ̀rẹ́. Bí kì í bá ṣe òun, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ nípa Kirby. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí bébà kankan níbì kan tó sọ ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Àwọn méjèèjì ń sáré, wọ́n ń bá ọjọ́ ìtẹ̀wé jà. Nígbà tí owó ńlá wá dé, olúkúlùkù rántí tirẹ̀.

Ọdún 1966, ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbàjọba nílẹ̀ wa, ni ìwé Fantastic Four 52 jáde, T'Challa ọba Wakanda sì wọlé. Kirby ti kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ kan, tó pè ní Coal Tiger, kó tó di Black Panther. Akọni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nìyẹn nínú àwọn kọ́míìkì ńlá Amẹ́ríkà. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n gbé e sí: kì í ṣe ìlú aláìní tí àwọn òyìnbó ń wá gbà là, ìlú Áfíríkà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ ni. (Ṣàngó tiwa náà ní àrá lọ́wọ́ bíi Thor, wọ́n mọ̀ ọ́n dé Cuba àti Brazil, àmọ́ kò tíì rí Kirby tirẹ̀. Bóyá ó wà lára àwọn ọmọ mẹ́ta wa yìí.)

Ní 1970, ó sú Kirby, ó kúrò lọ sí DC, ó sì dá àwọn New Gods sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú Darkseid, ọ̀tá burúkú tí àwọn ọmọ yín mọ̀. Wọn kò jẹ́ kó parí ìtàn náà bó ṣe fẹ́. Ó padà sí Marvel ní 1975, ó tún kúrò.

Ọ̀rọ̀ bébà ló kàn, òun gan-an ló sì jẹ mọ́ wa jù. Láyé ìgbà náà, bí ayàwòrán bá kó ewé tó yà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì kó ojúlówó bébà náà pamọ́. Kò padà sọ́wọ́ ẹni tó yà á. Òmíràn sọnù, wọ́n fi òmíràn tọrẹ, wọ́n jí òmíràn gbé. Nígbà tó yá, àṣà yí padà, Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í dá bébà padà fún àwọn ayàwòrán. Àwọn yòókù fọwọ́ sí ìwé ojú ewé kan, wọ́n gba tiwọn. Ní 1984, wọ́n gbé ìwé ojú ewé mẹ́rin wá fún Kirby, òun nìkan, pé kó fọwọ́ sí i pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ohunkóhun. Kí ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀? Ewé 88. Ọkùnrin tó ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé fún wọn! Kirby kọ̀. Ariwo sọ, àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, Alan Moore àti Frank Miller wà lára wọn. Ní 1987, ó gba nǹkan bíi 2,000 ewé. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò padà wá mọ́.

Ẹni ọdún 66 ni nígbà tí ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú sí i. Kì í ṣe mílíọ̀nù dọ́là ló ń bèèrè. Bébà ló ń bèèrè, bébà tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1994, ní California. Ní 2009, Disney ra Marvel ní dọ́là bílíọ̀nù 4. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọmọ Kirby kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀tọ́ bàbá àwọn padà, torí òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ẹni tó ṣe iṣẹ́ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ láti gbà á padà lẹ́yìn iye ọdún kan, àfi tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí a gbà á sí. Gbogbo ẹjọ́ wá dúró lórí ìbéèrè kan: ṣé Kirby ló ni iṣẹ́ ara rẹ̀ tó ń tà, àbí alágbàṣe Marvel ni? Ilé ẹjọ́ dá Marvel láre ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún dá a láre ní 2013. Àwọn ọmọ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn adájọ́ jíròrò bóyá wọ́n máa gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì parí ìjà ní ìtùnbí-ìnùbí. Wọn kò sọ iye owó fún ayé gbọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ Kirby bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lee nínú àwọn ìwé náà.

Ẹ rántí sinimá Captain America ti 2016, èyí tí wọ́n ti jà ní Èkó? Atlanta ni wọ́n ti ya Èkó yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá ọjà yẹn kiri. Black Panther ti 2018 náà mú wa dé igbó Sambisa ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì pa owó tó lé ní dọ́là bílíọ̀nù 1.3. Kirby ti kú fún ọdún 24 nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé. A mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mìíràn níbí. Wale Adenuga dá ìwé Ikebe Super tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1976. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ni í. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti mú Pápá Ajasco kúrò lórí bébà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta yìí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwa ni olówó wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́.

Èrò tèmi rèé. Kí a kọ ìwé àdéhùn kí wọ́n tó fa ìlà àkọ́kọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn òbí wọn kà á. Òfin kópírááìtì tiwa tuntun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ ọ́ gbangba pé bí ayàwòrán bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Nítorí náà, "a ti jọ sọ ọ́ lórí wọ́sáàpù" tí àwọn kan ń wí kò tó. Kí ìwé náà sọ pé ẹgbẹ́ ní àṣẹ láti tẹ ìtàn náà, kí ó sì sọ iye ẹ̀dà. Bí a bá fẹ́ fi àwòrán kan náà ṣe kàlẹ́ńdà, tàbí ká tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ọjọ́ ìlú, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ṣe fíìmù, kí a tún padà jókòó pẹ̀lú wọn. Kí orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn níbi tí a ń kọ orúkọ ìtẹ̀wé sí. Kí ojúlówó bébà padà sọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí a bá ti yà á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ti tó fún ilé ìkàwé wa.

Bàbá wa kan kọ ọ́ sórí pẹpẹ pé a fẹ́ fi òfin òyìnbó pín ìlú. Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Nígbà tí a kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, a san owó bíríkìlà, a san owó káfíńtà, ọmọ ìlú sì ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí káfíńtà fi ayùn àti òòlù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹni tó ń fi pẹ́ńsù ṣiṣẹ́ náà, iṣẹ́ ló ń ṣe. Owó tí akápò kà fún wa ní ìpàdé tó kọjá kò pọ̀, mo mọ̀. Kí a sọ iye tí a ní fún wọn ní gbangba, kí àwọn náà sọ bóyá wọ́n lè gbà á. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi apá kan ta ìlú lọ́rẹ, kí a kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Akọ̀wé máa fi ìwé àdéhùn náà sórí pẹpẹ lọ́la, a ó sì dìbò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ má kàn na àtàǹpàkò sí i kẹ́ ẹ tó ṣí i. Àwọn òbí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ní láti sọ dé nìyẹn. Ta ló ní ìbéèrè?